Bí Mo Ṣe Ń Wá Èlò Òkùnkùn Láti Yàrá Mi Ní Kubwa

Lọ́dún tó kọjá, owó lé nínú àpótí ẹgbẹ́ wa. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: kò dín o, ó lé ni. Èmi ni akápò àwọn obìnrin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní àdúgbò wa ní Kubwa níbí, nílùú Abuja. Nígbà tí mo ka owó ọdún náà tán, ₦23,000 wà níbẹ̀ tí kò ní orúkọ. Àwọn kan ní kí n dákẹ́, pé Ọlọ́run ló bù sí i. Mo mú bébà, mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó san owó oṣù, mo yọ ọ́. Mo kọ owó aṣọ ẹbí, mo yọ ọ́. Mo kọ owó ìtanràn àwọn tó pẹ́ dé ìpàdé, mo yọ òun náà. ₦23,000 ò kúrò lójú kan. Ọjọ́ kẹta ni mo tó rántí pé oníkánópì dá ₦20,000 tí a fi dúró padà fún wa. Ó wá ku ₦3,000. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó ni ₦3,000 yẹn.

Ẹni tó bá lè jókòó ti irú ìṣirò yẹn lè bá wa wá dark matter, èlò òkùnkùn, ohun tó wúwo lójú ọ̀run tí a kò rí. Tíṣà físíìsì ni mí, ilé ìwé girama ni mo ti ń kọ́ni, mi ò sì ní ilé ìwòràwọ̀ kankan. Ohun tí mo ní ni láàpútọ́ọ̀pù àlòkù kan tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígì 8, dátà òru tí mo ń rà, àti ínfátà kan tó máa ń ké bí ọmọ ìkókó ní aago mẹ́ta òru. Àbúrò mi tó wà ní Zaria ló ní, "Àǹtí mi, ẹ kúkú kọ ọ́ sílẹ̀," torí gbogbo ìgbà tó bá pè mí ni a máa ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ nìyí.

Ohun tí a ń wá

Gálásì ni agbo ìràwọ̀ ńlá, irú èyí tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀. Àwọn gálásì náà tún máa ń kóra jọ. Ní 1933, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Fritz Zwicky, wo agbo gálásì tí wọ́n ń pè ní Coma, ó rí i pé eré tí wọ́n ń sá ti pọ̀ jù. Tó bá jẹ́ pé ohun tó ń tàn nìkan ló wà níbẹ̀, òòfà wọn kò tó láti so wọ́n pọ̀, wọn ì bá ti fọ́n ká tipẹ́. Ní 1970, Vera Rubin àti Kent Ford wọn eré gáàsì tó ń yí po nínú gálásì Andromeda. Wọ́n retí pé èyí tó wà létí yóò rọra ju ti àárín lọ, ṣùgbọ́n kò rọra. Nǹkan kan tó wúwo wà níbẹ̀ tí a kò rí.

Ìṣirò tí wọ́n gbà lónìí ni pé nínú 100, ohun tí a mọ̀, ìràwọ̀ o, gáàsì o, òkúta Zuma o, èmi àti ẹ̀yin, kò ju nǹkan bí 5 lọ. Èlò tí a kò rí yìí jẹ́ nǹkan bí 27. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mi ò ní í fọwọ́ kàn níbí. Èmi máa ń pè é ní èlò òkùnkùn torí ó yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá a mu. Òkùnkùn a máa dí ojú. Eléyìí kì í dí nǹkan kan. Ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sẹ́ni nílé.

Ọ̀nà méjì ni a lè gbà tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nínú àlàyé mi yìí, ẹ sì má da wọ́n pọ̀. Èkíní dájú: ó wúwo, nítorí náà ó ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èkejì jẹ́ ìrètí: bóyá tí ẹyọ rẹ̀ méjì bá kọlu ara wọn, wọ́n máa ń pa ara wọn rẹ́, ìtànṣán gámà, irú ìmọ́lẹ̀ tó lágbára jù tí ojú kò rí, á sì jáde. Kò sẹ́ni tó tíì fi ojú rí èyí. Mo ti rí àwọn tó ń sọ èkejì bí ẹni pé ó ti parí, inú mi kì í dùn sí i.

Ìdí ife wáìnì

Ẹ wá ife wáìnì elẹ́sẹ̀. Tèmi, níbi ìgbéyàwó kan ní Gwarinpa ni wọ́n ti pín in fún wa. Ọmọ mi fọ́ orí rẹ̀ lóṣù yẹn náà, mo sì tọ́jú ìdí rẹ̀. Ẹ fi téèpù wé ibi tó ti ṣẹ́ kó má baà gé yín lọ́wọ́. Ẹ wo ìdí ife náà láti ẹ̀gbẹ́: ó nípọn ní àárín níbi tí ẹsẹ̀ ti jáde, ó wá ń fẹ́lẹ́ lọ sí etí. Bẹ́ẹ̀ ni òòfà ohun tó wúwo ṣe rí, ó le nítòsí, ó ń dẹ̀ bí a bá ṣe ń jìnnà sí i.

Ẹ fi bírò pupa to àmì kan sórí ìwé gíráàfù, kó tóbi tó hóró ẹ̀wà kan. Ẹ gbé ìdí ife náà sókè díẹ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ fi ojú kan wò ó láti òkè. Nígbà tí àmì náà bá bọ́ sí àárín gbùngbùn, kò ní í jẹ́ àmì mọ́. Á di òrùka pupa tó yí ẹsẹ̀ ife po. Ẹ wá sún ife náà ní ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan péré. Òrùka á já sí méjì, á di ọrun méjì tó kọjú síra, ọ̀kan gùn, ọ̀kan kúrú. Ẹ tún sún un: èyí tó kúrú á sá wọ inú, á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Mo ti fi èyí dá àwọn ọmọ SS2 dúró fún wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ tí kò síná, kò sì sí ẹni tó sùn.

Ohun tí ẹ rí nínú ife yẹn gan-an ni tẹlisíkóòpù ń rí. Àmì pupa ni gálásì tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún; ìdí ife ni ìwúwo gálásì tó wà níwájú. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1919 ni wọ́n kọ́kọ́ rí ẹ̀rí pé ìwúwo ń tẹ ìmọ́lẹ̀, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn. Arthur Eddington lọ sí erékùṣù Príncipe, tó wà nínú òkun wa ní Gulf of Guinea níbí, àwọn mìíràn sì lọ sí Sobral ní Brazil. Einstein ti sọ pé ìràwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá gba etí oòrùn kọjá máa yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀ ní arcsecond 1.75. Ẹ pín dígírì 1 sí ọ̀nà 3,600, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni arcsecond. Èékánná ìka mi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan; tí ẹ bá dúró sí ibi tó jìnnà sí i ní kìlómítà 2, arcsecond kan ni ẹ ń wò yẹn.

Bí ẹ bá ti ní òrùka, ẹ ní òṣùwọ̀n. Ẹ sọ ọ̀nà jíjìn gálásì iwájú di púpọ̀ pẹ̀lú ti ẹ̀yìn, kí ẹ fi àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì pín in. Bí ìdáhùn bá jẹ́ gigaparsec 1, ìyẹn bíi ọdún ìmọ́lẹ̀ bílíọ̀nù 3.26, ìwúwo oòrùn bílíọ̀nù 100 á fún yín ní òrùka tó jẹ́ arcsecond 0.9 láti àárín dé etí. Bí òrùka bá fẹ̀ ní ìlọ́po 2, ìwúwo inú rẹ̀ ti di ìlọ́po 4. Lẹ́yìn náà ẹ ka ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ tó wà nínú òrùka náà, ẹ ṣírò ìwúwo wọn, kí ẹ yọ ọ́. Ohun tó kù ni ti èlò òkùnkùn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, wọ́n kéde òrùka kan tí sátẹ́láìtì Euclid rí yí àárín gálásì NGC 6505 po, fífẹ̀ rẹ̀ láti àárín jẹ́ nǹkan bí arcsecond 2.5. Nígbà tí wọ́n yọ ìràwọ̀ kúrò, èlò òkùnkùn inú òrùka náà kò ju nǹkan bí 11 nínú 100 lọ. Ó ya àbúrò mi lẹ́nu pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àárín gálásì ni ìràwọ̀ pọ̀ sí jù. Ìta ni èlò òkùnkùn ti ń jọba.

Ẹ̀yin náà lè bá wọn wá irú òrùka bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan wà lórí Zooniverse, ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì kan, tí wọ́n ń pè ní Space Warps, fóònù lásán tó fún un. Wọ́n á fi àwòrán hàn yín, ẹ ó fi ìka tọ́ka sí ohun tó jọ òrùka. Ohun tó máa tàn yín jẹ jù ni apá gálásì tó ká bíi ìgbín. Ẹ wo àwọ̀: gálásì iwájú sábà máa ń pọ́n bí epo, òrùka ẹ̀yìn a máa dà bí aró fífẹ́lẹ́. Bí ọrun bá wà lápá ọ̀tún, ẹ wá ìkejì rẹ̀ lápá òsì, àwọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bára mu torí nǹkan kan náà ni wọ́n. Bí ọrun náà bá so mọ́ gálásì iwájú bí ìrù, apá rẹ̀ lásán ni, ẹ kọjá lọ.

Èyí tó ṣòro díẹ̀ ni ti ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀ ní ìwọ̀nba, tí kò di òrùka. Gálásì kọ̀ọ̀kan kàn gùn sí i ní nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 ni, ojú kò sì lè rí i. Ẹ rántí koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nígbà ọyẹ́. Bí ẹ bá rí ẹyọ koríko kan tó tẹ̀, bóyá ewúrẹ́ ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo pápá bá dẹ orí sí apá kan, ẹ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́, bí ẹ ò tiẹ̀ rí afẹ́fẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún gálásì ni wọ́n ń kà pọ̀ kí wọ́n tó mọ ibi tí ìwúwo wà. Àwọn Dark Energy Survey ti fi tẹlisíkóòpù onímítà 4 kan ní Chile ṣe irú àwòrán ìwúwo bẹ́ẹ̀, láti 2013 sí 2019, wọ́n sì ti gbé dátà wọn síta fún aráyé.

Mi ò lè kúrò níbí láì mẹ́nu ba Bullet Cluster, torí òun ló yí èmi lọ́kàn padà. Agbo gálásì méjì gba àárín ara wọn kọjá. Ẹ rò ó bí èrò ìgbéyàwó méjì tó pàdé lójú ọ̀nà tóóró. Ọmọ Yorùbá kò lè kọjá láìkí ara wọn: ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ẹwà, ìyá ńkọ́, bàbá ńkọ́. Àwọn tó ń kíra á há sí àárín ọ̀nà. Gáàsì nìyẹn, ó há sí àárín, awò Chandra sì rí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ tó tẹ̀ wá ibi tí ìwúwo wà, ní 2006, wọ́n bá a níwájú, lápá méjèèjì, ó ti kọjá lọ. Ẹni kan wà nínú èrò yẹn tí kò kí ẹnikẹ́ni, tí ẹnikẹ́ni kò sì kí i, òun ló sì wúwo jù nínú wọn.

Ìtànṣán gámà

Ẹ má ronú láti wò ó láti orí òrùlé. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí ìtànṣán gámà dé ilẹ̀, ìyẹn náà sì jẹ́ oore fún wa. Ọjọ́ 11 oṣù kẹfà 2008 ni wọ́n rán sátẹ́láìtì Fermi lọ sókè, ó ń yí ayé po ní gíga tó tó nǹkan bí kìlómítà 500. Inú rẹ̀ ni ilé ìṣọ́ 16 wà, 4 ní òró, 4 ní ìbú, pẹlẹbẹ tungsten àti silicon sì tò léra nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìtànṣán gámà tó bá wọlé á kọlu tungsten, á di ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan àti ìkejì rẹ̀ tí iná tirẹ̀ lòdì sí ti àkọ́kọ́. Silicon á kọ ipasẹ̀ wọn sílẹ̀, a ó sì mọ ibi tó ti wá. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, láàárín wákàtí 3 ni Fermi ti ń wo gbogbo ojú ọ̀run. Fún ìtànṣán gámà tó lágbára ju èyí tí Fermi ń wò lọ, awò H.E.S.S. wà ní Namibia, ní ilẹ̀ Áfíríkà wa yìí, ó ń wo iná búlúù kékeré tí wọ́n máa ń dá nínú afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n dátà Fermi ni mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ ni, gbogbo rẹ̀.

Ibo lẹ máa wò? Gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ló ń sáré lọ sí àárín gálásì wa, torí ibẹ̀ ni èlò òkùnkùn pọ̀ sí jù nítòsí. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjà Wuse ní ọjọ́ tó ku ọ̀la ọdún Kérésì ni ibẹ̀. Ẹ fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀? Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn gálásì aràrá, àwọn kékeré tó ń yí tiwa po. Wọn kò ní gáàsì tó nǹkan, wọn kò ní ìràwọ̀ tuntun, ibẹ̀ pa lọ́lọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo gan-an fún ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n ní. Èmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Draco, tó jìnnà tó nǹkan bí ọdún ìmọ́lẹ̀ 260,000.

Ẹ wọ ojúewé Fermi Science Support Center ti NASA, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ LAT Data Server sí. Ẹ kọ 260.05, 57.92 síbẹ̀, ìyẹn ni àdírẹ́sì Draco lójú ọ̀run. Fún fífẹ̀ láti àárín, ẹ kọ 10, dígírì ni. Fún àkókò, wọ́n ń ka sẹ́kọ́ńdì láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2001. 239557417 ni ìbẹ̀rẹ̀ dátà, ní oṣù kẹjọ 2008. Fún agbára, ẹ kọ 1000 sí 500000, MeV ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ ó rí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ láti 100, ẹ má tẹ̀ lé wọn níbẹ̀rẹ̀. Ní 100 MeV, ojú Fermi ṣú tó dígírì 5, ìyẹn òṣùpá àrànmọ́jú 10 tí ẹ tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní 1000 MeV, kò tó dígírì kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, fáìlì yín á kéré, dátà òru á sì tó o. Ẹ tún sàmì sí fáìlì spacecraft, torí òun ló sọ ibi tí Fermi wà àti ibi tó dojú kọ. Mo gbàgbé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, mo sì tún dúró di òru ọjọ́ kejì.

Lórí Linux ni Fermitools, àkójọ ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ka dátà Fermi, ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá ní Windows, kó fi Ubuntu sínú rẹ̀ nípasẹ̀ WSL. Conda ni ẹ máa fi gbé e wọlé: conda create -n fermi -c conda-forge -c fermi fermitools. Ẹ ṣe èyí níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti lágbára. Mo ṣe tèmi ní ilé ọ̀rẹ́ mi kan ní Wuse, mo gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ fún un.

Nínú Fermitools, ètò gtselect ni ẹ kọ́kọ́ máa ṣe. Ẹ fún un ní evclass 128, evtype 3, zmax 90. Zmax yìí ṣe pàtàkì: etí ayé wa fúnra rẹ̀ ń tàn nínú ìtànṣán gámà, torí àwọn ẹyọ láti òde ọ̀run ń kọlu afẹ́fẹ́ wa. Bí ẹ bá jẹ́ kí ó wọlé, ayé lẹ máa rí, ẹ ó pè é ní ọ̀run. Gtmktime á wá yọ àwọn àkókò tí ẹ̀rọ kò ṣe dáadáa. Lẹ́yìn náà gtbin, tó ń ya àwòrán, gtltcube àti gtexpcube2, tó ń ṣírò bí Fermi ṣe pẹ́ tó lójú ibì kọ̀ọ̀kan. Gtltcube lọ́ra bí ìgbín. Ẹ jẹ́ kí ínfátà kún kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí bí iná bá lọ ní àárín, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ibi tí owó ẹgbẹ́ mi ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń tàn ní àgbègbè yẹn: ìmọ́lẹ̀ gálásì wa fúnra rẹ̀, gll_iem_v07 ni fáìlì rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó wà níbi gbogbo, ìyẹn iso_P8R3_SOURCE_V3_v1, àti gbogbo àwọn tó wà nínú kátálọ́ọ̀gù 4FGL, ìwé orúkọ àwọn ohun tí Fermi ti rí. Gtlike á wá sọ ìwọ̀n tí ẹnì kọ̀ọ̀kan san. Nígbà náà ni ẹ máa fi Draco kún un, kí ẹ wo bóyá ìṣirò fẹ́ ẹ tàbí kò fẹ́ ẹ. Nọ́ńbà tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ni TS. Lábẹ́ 25, ẹ má pe ẹnikẹ́ni.

Èmi pe ènìyàn. TS tèmi jẹ́ 31. Mo jí ọkọ mi ní aago méjì òru, mo ní mo ti rí i. Ó ní, "Kí lo rí?" Mo ní èlò òkùnkùn. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní àárọ̀, mo lọ wo fáìlì módẹ́ẹ̀lì mi. Kí iṣẹ́ lè yá lórí láàpútọ́ọ̀pù, mo ti gé orúkọ àwọn tí mo rò pé wọ́n kéré kúrò, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ blazar, gálásì tí ihò dúdú inú rẹ̀ ń tu iná sọ́dọ̀ wa, tí kò jìnnà sí Draco rárá. Mo dá orúkọ rẹ̀ padà. TS di 2. Oníkánópì ni, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bí TS bá kéré, iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Fermitools pé mélòó ni Draco lè tàn tó kí a má sì rí i. Òkè ìwọ̀n nìyẹn. Tí ẹ bá fi J-factor Draco sí i, nọ́ńbà tó ń sọ bí èlò òkùnkùn ibẹ̀ ṣe kóra jọ tó, tó wà ní nǹkan bí 10^18.8 GeV²/cm⁵ (GeV 1 jẹ́ MeV 1000), ẹ ó mọ bí àwọn ẹyọ náà ṣe lè máa pa ara wọn rẹ́ tó. Ìlà tí gbogbo ènìyàn ń wò ni 3 × 10⁻²⁶ cm³/s, torí irú ìyára bẹ́ẹ̀ ló máa ṣẹ́ ìwọ̀n èlò òkùnkùn tó kù lónìí kù. Ní 2015, àwọn Fermi kó gálásì aràrá 15 pọ̀, pẹ̀lú dátà ọdún 6, wọn kò sì rí nǹkan kan. Ìyẹn ti lé àwọn ẹyọ tí kò wúwo tó nǹkan bí 100 GeV kúrò, bó bá jẹ́ pé bottom quark, irú ẹyọ kékeré kan, ni wọ́n ń dà. Mo máa ń sọ fún àbúrò mi pé èyí ni èsì tó níye lórí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kì í fẹ́ gbà.

Ẹ wá lọ sí àárín gálásì báyìí bó bá ṣì ń wù yín. Láti 2009 tí Lisa Goodenough àti Dan Hooper ti kọ́kọ́ sọ ọ́ ni a ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ lé níbẹ̀, tó ga jù ní nǹkan bí 1 sí 3 GeV. Wọ́n ti yọ gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀, ó ṣì lé. Àwọn kan ní èlò òkùnkùn ni. Àwọn mìíràn ní pulsar ni, òkú ìràwọ̀ tó ń yí ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, tí wọ́n pọ̀ gan-an ṣùgbọ́n tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò mọ́lẹ̀ tó láti ní orúkọ. Èmi rò pé àwọn pulsar ló ni ₦20,000. Mi ò lè búra nípa ₦3,000.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìlà ṣóńṣó, ìyẹn ìtànṣán gámà tó kóra jọ sí ìwọ̀n agbára kan ṣoṣo. Ní 2012, Christoph Weniger rí ìlà kan ní 130 GeV, gbogbo ayé sì dìde, torí kò sí nǹkan lásán tó ń ṣe irú ìlà bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá wo etí ayé wa, ibi tí kò sí èlò òkùnkùn kankan, wọ́n rí nǹkan tó jọ ọ́ níbẹ̀. Bí dátà ṣe ń pọ̀ sí i, ó ń parẹ́. Ẹ máa ní ibì kan tí ẹ mọ̀ dájú pé kò sí ohun tí ẹ ń wá níbẹ̀, kí ẹ sì máa wo ibẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ẹ bá mọ méjèèjì

Ẹ gbé àwòrán ìwúwo sórí àwòrán gámà. Ibi tí ìwúwo pọ̀ sí, ǹjẹ́ gámà náà pọ̀ díẹ̀ níbẹ̀? Healpy ni mo fi ń gé ojú ọ̀run sí wẹ́wẹ́, mo sì ń bo ojú gálásì wa mọ́lẹ̀ kí iná rẹ̀ má baà bo gbogbo rẹ̀. Mo máa ń yí àwòrán kan padà, kí n gbé e sí òdì, kí n tún ka á. Bí wọ́n bá ṣì bára mu nígbà tí mo ti yí ọ̀kan, àṣìṣe mi ni. Àwọn tó fi dátà ọdún àkọ́kọ́ Dark Energy Survey àti ọdún 9 Fermi ṣe é rí i, ní 2020, pé wọ́n bára mu, agbára rẹ̀ jẹ́ 5.3 sigma, ìyẹn ni pé ó ṣòro kó jẹ́ èèṣì lásán. Ṣùgbọ́n blazar ló lè ṣàlàyé púpọ̀ nínú rẹ̀, torí blazar náà máa ń gbé ibi tí ìwúwo pọ̀ sí. Tèmi kò tíì dé ibẹ̀, àwòrán mi ṣì ní ihò.

Lálẹ́ òní, gálásì aràrá mìíràn, Segue 1, ni mo fẹ́ ṣe, àdírẹ́sì rẹ̀ ni 151.77, 16.08. J-factor rẹ̀ ju ti Draco lọ, ṣùgbọ́n àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀ tó láti fi wọn ìwúwo rẹ̀ dáadáa, nítorí náà mo máa fi àyè tó fẹ̀ sílẹ̀ fún àṣìṣe nínú J-factor rẹ̀. Ínfátà ti kún. Ẹni tó bá ti fa ti Draco wálẹ̀, kó fi TS rẹ̀ wé 2 tèmi. Bó bá ju 10 lọ, kó lọ ka orúkọ inú módẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó jí ẹnikẹ́ni.